Ẹni Tó Ni Orúkọ Ló Ni Kíkọ Rẹ̀

 

Lónìí, mo fẹ́ sọ ìtàn sinimá kan fún yín. Orúkọ rẹ̀ ni Ceddo. Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ fi ìka tẹ̀ lé lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. D méjì ló wà nínú rẹ̀. D méjì yẹn dá ìjà sílẹ̀.

Ousmane Sembène ló ṣe sinimá náà. Ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl ni. Wọ́n bí i ní ọdún 1923, ní ìlú Ziguinchor. Apẹja ni bàbá rẹ̀. Kò pẹ́ ní ilé-ìwé. Ó ru ẹrù ní èbúté Marseille, ní ilẹ̀ Faransé. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìwé. Ìwé rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n èdè Faransé ni, ọ̀pọ̀ ará ilé rẹ̀ kò sì lè kà á. Ìdí nìyẹn tó fi lọ kọ́ iṣẹ́ sinimá, kí ẹni tí kò mọ̀wé náà lè fi ojú rí i, kí ó sì fi etí gbọ́ ọ.

Ọdún 1977 ni Ceddo jáde. Èdè Wolof ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀. Ìtàn ayé àtijọ́ ni, nígbà tí wọ́n ń ta ènìyàn lẹ́rú. Òyìnbó oníṣòwò kan wà ní abúlé kan, ó ń fi ìbọn ra ẹrú. Fádà òyìnbó kan wà níbẹ̀, ọmọ ìjọ rẹ̀ kò ju ẹnì kan lọ. Lémọ́mù kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ọba àti àwọn ìjòyè sì ti gba ẹ̀sìn rẹ̀. Àwọn tí kò fẹ́ fi ẹ̀sìn bàbá wọn sílẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ceddo.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ipá mú wọn, ceddo kan gbé Dior Yacine, ọmọbìnrin ọba, pamọ́. Ọba kú. Lémọ́mù gba àṣẹ ìlú. Wọ́n pa oníṣòwò àti fádà. Wọ́n kó àwọn ceddo jọ, wọ́n fá orí wọn, wọ́n sì fún wọn ní orúkọ tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́. Nígbẹ̀yìn, ọmọbìnrin ọba já ìbọn gbà, ó sì yìn ín lu lémọ́mù náà.

Ẹ má ṣi ọ̀rọ̀ mi gbọ́ o. N kò bú ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Ní Parakou níbí, mùsùlùmí, onígbàgbọ́ àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ jọ ń gbé ni. Ipá ni sinimá náà ń bá wí.

Ẹ wá gbọ́ ti ìjà náà. Ìjọba Sẹ̀nẹ̀gàl kò jẹ́ kí wọ́n fi sinimá náà hàn. Léopold Sédar Senghor ni ààrẹ nígbà náà, akéwì àti onímọ̀ èdè ni. Kí ni ìjọba sọ pé ó fà á? D méjì! Wọ́n ní d kan ṣoṣo ni òfin fọwọ́ sí. Sembène ní d méjì ni, kò sì yọ ọ̀kan kúrò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn inú sinimá náà ló ń ba ìjọba lẹ́rù, pé d kàn jẹ́ àwáwí. Senghor ti fi ipò sílẹ̀, ní òpin ọdún 1980, kí àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gàl tó rí sinimá náà ní gbangba. Sembène kú ní ọdún 2007. D méjì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí dòní.

Ẹ lè bi mí pé: kí ni lẹ́tà kan lè ṣe? Ẹ ka èyí sókè: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀. Ìyàwó ló ni ọkọ, àgbẹ̀ ló ni ọkọ́, awakọ̀ ló ni ọkọ̀. Bí a bá gbàgbé àmì, ọmọ tí a ní kó gbé ọkọ́ lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ lè rò pé ọkọ ìyá òun ni!

Ẹ tún wo orúkọ àdúgbò wa: Titirou. Bí Faransé ṣe ń kọ̀wé ni wọ́n fi kọ ọ́. "Ou" tiwọn, "u" tiwa ni.

Àwọn àgbà ní, ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí ilé ti wo ọmọ tán, tó sọ ọ́ lórúkọ, akọ̀wé kan a kọ orúkọ náà bó ti gbọ́ ọ. Bí èyí tó wà lórí ìwé ìbí bá yàtọ̀ sí ti ilé-ìwé, ọjọ́ ìdánwò ni wàhálà ń dé. Nígbà tí a kò mọ̀wé, a kò lè sọ nǹkan kan. Nísinsìnyí, a lè sọ ọ́.

Nítorí náà, iṣẹ́ ilé yín nìyí. Ẹ mú ìwé ìbí àwọn ọmọ yín jáde lálẹ́ òní. Ẹ ka orúkọ wọn ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín bí ẹ ṣe ń pè é, kí ẹ sì mú un wá sí kíláàsì. Bí ẹ bá sì tún lọ ṣe ìwé fún ọmọ, ẹ bẹ akọ̀wé kó dúró díẹ̀, kí ẹ fi ojú ara yín ka ohun tó kọ.

Ó dìgbà mìíràn o.