ÒKÙNKÙN ÒRU ÀTI ÌDÀGBÀSÓKÈ ADÌẸ

 

Ọ̀pọ̀ nínú wa, láti Ọjà'ba dé Bẹ́ẹ̀rẹ̀ àti Bẹ́yẹrúnkà, ni ó ń sin adìẹ òyìnbó lẹ́yìnkùlé. Àṣìṣe kan wà tí àwa fúnra wa ti ṣe. A máa ń tan iná sí wọn láti alẹ́ mọ́jú títí wọn yóò fi dàgbà, nítorí a rò pé bí wọ́n bá ti ń jẹun sí i ni wọn yóò máa tóbi sí i. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn kò le, òmíràn a sì ṣubú kú lójijì. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀.

Nínú ọpọlọ adìẹ ni kókó kékeré kan wà tí ń mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru, nítorí ìmọ́lẹ̀ a máa gba agbárí kọjá dé ibẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, kókó yìí a tú oje kan tí à ń pè ní melatonin sínú ẹ̀jẹ̀. Ní 1958 ni Aaron Lerner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ yọ oje yìí lọ́tọ̀ lára màlúù. Bí iná bá tàn, ó dín kù. Òun ni ó ń jíṣẹ́ òru fún gbogbo ara, títí kan kókó ìsàlẹ̀ ọpọlọ tí ń tú oje ìdàgbàsókè jáde. Nígbà mìíràn a máa fi kún oje ìdàgbàsókè náà. Nígbà mìíràn a máa dín in kù, gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí ẹyẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí wá oògùn ìdàgbàsókè kiri. Oje ìdàgbàsókè tí a bá pò mọ́ oúnjẹ, ikùn adìẹ yóò dà á bí ó ti ń da ẹran ni. Òkùnkùn ni kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti 2007 pàṣẹ pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, adìẹ tí a ń sìn fún ẹran gbọ́dọ̀ rí òkùnkùn wákàtí 6 lójúmọ́, kí 4 ó kéré tán nínú rẹ̀ jẹ́ àtẹ̀léra.

Nítorí náà, bí òròmọdìẹ bá ti pé ọ̀sẹ̀ kan, ẹ máa pa iná fún wọn lóru díẹ̀díẹ̀. Bí òtútù bá mú, ẹ fi ìkòkò èédú mú ilé wọn gbóná, kí afẹ́fẹ́ sì rí ọ̀nà wọlé.

Ẹ jẹ́ kí òru jẹ́ òru fún wọn. Kí Ìbàdàn máa gbòòrò o.