Ọ̀fẹ́ ọ̀tọ̀, òmìnira ọ̀tọ̀: Ẹ̀kọ́ tí èdè kọ̀ǹpútà Java kọ́ wa



Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ìyá alákàrà bá ń fún yín ní àkàrà lọ́fẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́, ṣé ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ ebi? Lọ́jọ́ tí kò bá dín àkàrà mọ́ ńkọ́? Ṣùgbọ́n tó bá kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń bó ẹ̀wà, bí wọ́n ṣe ń lọ̀ ọ́, bí wọ́n ṣe ń dín in, tó sì ní kí ẹ lọ kọ́ ẹlòmíì, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún méjèèjì. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀fẹ́ ọ̀tọ̀, òmìnira ọ̀tọ̀. Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni ìtàn Java.

Java jẹ́ èdè tí wọ́n fi ń kọ iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà yóò ṣe. James Gosling àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣe é ní iléeṣẹ́ Sun Microsystems ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 1995. Ẹ rántí àwọn fóònù oníbọ́tìnnì tí a fi ń ṣí Opera Mini láyé ọjọ́sí? Java ló ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀pọ̀ wọn.

Nígbà náà, ọ̀fẹ́ ni ẹ máa gba Java sórí kọ̀ǹpútà yín. Ṣùgbọ́n Sun kò gbà kí ẹnikẹ́ni tún kóòdù rẹ̀ ṣe bó ṣe wù ú, kó sì pín in.

Lọ́jọ́ 13, oṣù Kọkànlá, ọdún 2006, Sun kéde pé òun ń tú Java sílẹ̀ lábẹ́ ìwé àṣẹ GPL. Nígbà tó fi di oṣù Karùn-ún ọdún 2007, èyí tó pọ̀ jù nínú kóòdù náà ti wà níta. Ohun tí GPL sọ ni pé: lò ó, yẹ̀ ẹ́ wò, tún un ṣe, pín in. Ṣùgbọ́n bí o bá pín èyí tí o tún ṣe, fún àwọn tó gbà á ní kóòdù rẹ̀ àti òmìnira kan náà.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Lọ́dún 2010, Oracle ra Sun. Sun di ìtàn. Nígbà tó di 2019, Oracle ní kí àwọn iléeṣẹ́ tó bá ṣì fẹ́ àtúnṣe tuntun fún Java 8 láti ọwọ́ òun máa sanwó.

Ká ní ọ̀fẹ́ nìkan ni Sun fún ayé, wàhálà ni ì bá dé. Ṣùgbọ́n òmìnira ti wà nílẹ̀. Amazon àti Microsoft mú kóòdù OpenJDK tí Sun tú sílẹ̀, wọ́n sì ń gbé Java tiwọn jáde láìgba kọ́bọ̀.

Mi ò sọ pé àánú ló ṣe Sun o. Oníṣòwò ni wọ́n. Àmọ́ ohun tí wọ́n fi ìwé àṣẹ yẹn tú sílẹ̀, ẹni tó rà wọ́n kò lè gbà á padà mọ́.

Nítorí náà, bí iléèwé tàbí iléeṣẹ́ yín bá fẹ́ mú irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan, yálà ní Ìbàdàn, Kútọnu tàbí Accra, ẹ má bèèrè "Èló ni?" nìkan. Ẹ tún bèèrè pé: "Ṣé a lè tún un ṣe fúnra wa? Bí ẹni tó ṣe é bá kógbá wọlé lọ́la, ṣé iṣẹ́ wa kò ní dúró?"