Ta Ni Yóò Dúró Dè Wá Lọ́jà?

Nígbà tí àbúrò mi obìnrin gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ikú ni mo fẹ́ wá sọ, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn ni?" Mo ní ó wà, ṣùgbọ́n èyí ló wà nínú mi láti ọdún tó kọjá.

Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n sọ pé ayé lọjà, ọ̀run nilé. Nílé òkú la ti sábà máa ń sọ ọ́, a ó sì mirí. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn ìyá wa tó ń ná ọjà ọrọọrún kí mọ́tò tó pọ̀: ta ló ń dá lọ sọ́jà nínú wọn? Wọ́n a kó ara wọn jọ lọ ni. Ẹni tó bá tètè tà tán kì í kọrí sílé. Á jókòó ti ẹni tí igbá rẹ̀ kò tíì ṣófo, á bá a pe oníbàárà. Bó bá di dandan kó ṣáájú, á ní, "Ẹrù mi tó kù rèé o, ẹ bá mi gbé e délé." Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ mi wà. Pé ọjà yóò tú kò bà wá lẹ́rù, a ti mọ̀ ọ́n kí á tó jáde nílé. Ẹni tó ṣáájú ló ń dunni, àti ẹrù tó fi sí wa lọ́wọ́.

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn tó ti ṣáájú, Èsìẹ́ kò jìnnà sí Agbamu wa yìí, ìjọba ìbílẹ̀ Irẹ́pọ̀dún kan náà ni wá. Ère òkúta tó wà níbẹ̀ lé ní 800. Àwọn àgbà ní ọdẹ kan tó ń jẹ́ Baragbọ́n ló kọ́kọ́ bá wọn pàdé nínú igbó. Lọ́dún 1933, Ramshaw, òyìnbó tó ń bẹ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ wò, rí wọn, ìròyìn wọn sì délé dóko. Nígbà tó di 1945, wọ́n kọ́lé fún wọn, òun sì ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ìtàn ní àlejò ni wọ́n kí wọ́n tó di òkúta.

Mo ti dúró níwájú wọn. Obìnrin kan jókòó sórí àpótí, irun rẹ̀ ga lórí, ilà wà lójú rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ yí i lọ́rùn ká. Ọkùnrin kan mú idà lọ́wọ́. Ẹni tó gbẹ́ wọn fara balẹ̀, nítorí irun ti èyí kò jọ ti tọ̀hún. Àmọ́ ta ló lè pe orúkọ àbísọ ẹyọ kan nínú wọn fún mi? Òkúta pa ojú wọn mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, orúkọ bọ́ sọnù. (Ẹ̀yin tí ẹ ń fi mábùlì kọ́ ibojì, ẹ foríjì mí.) Ọ̀rẹ́ ló ń pa orúkọ mọ́, òun náà kò sì pẹ́ láyé.

Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí ọ̀rẹ́ lè ṣe. Fẹ́mi Johnson, oníṣẹ́ adójútòfò n'Ìbàdàn, kú ní Jámánì lọ́dún 1987, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ín sí. Wọlé Ṣóyínká, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún tó ṣáájú, kọ̀ jálẹ̀. Kò sinmi títí wọ́n fi hú òkú náà tí wọ́n sì gbé e wálé. Ó sọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀, You Must Set Forth at Dawn, tó jáde ní 2006. Ẹnì kan lè ní, kí ni òkú mọ̀? Kò mọ nǹkan kan. Àwọn baba wa tó dara pọ̀ mọ́ Èkìtì Parapọ̀ ja ogun Kírìjì, tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà rẹ̀ ní 1886, mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, láyé ogun, bí ẹnì kan bá ṣubú síbi tí òkú kò ti ṣeé gbé, wọ́n a gé irun rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, wọ́n a dì í sáṣọ, wọ́n a gbé e wálé, ìyẹn nilé yóò sin.

N kò bá òkú ẹ̀yẹ jà o, mo ti jẹ iyán tó pọ̀ nídìí rẹ̀. Àmọ́ bí òkú bá ń dúró ní mọ́ṣúárì nítorí aṣọ ẹbí tí télọ̀ kò tíì rán tán, mo máa ń bi ara mi pé ta gan-an là ń dúró dè.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà, ọmọ ìlú yìí. Mùsùlùmí ni, èmi jẹ́ ọmọ onígbàgbọ́, ìyẹn kì í sì í ṣe ìròyìn ní Ìgbómìnà. Mo pè é lọ́jọ́ Ẹtì kan pé mò ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tìrẹ ti pọ̀ jù." A rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n pè mí kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo gbéra ní Ìlọrin, ọkọ̀ àjàgbé dí ọ̀nà l'Ájásẹ́. Kí n tó dé, wọ́n ti kírun sí i lára, ilẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí. Ẹnì kan na ṣọ́bìrì sí mi, kò sọ nǹkan kan. Mo bọ́ kóòtù. Iyẹ̀pẹ̀ pupa gbígbẹ, òkúta wẹ́wẹ́ ń dún nínú rẹ̀. Bíbù ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló kù fún mi.

Lọ́jọ́ kẹjọ tí wọ́n ṣe àdúrà rẹ̀, ọmọ rẹ̀ gbé àdá kan wá fún mi. Èmi ni mo yá a ní àdá náà, èèkù rẹ̀ sì ti là nígbà yẹn. Ọmọ náà ní, "Bàbá wa ò jẹ́ kí n tètè gbé e wá, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́ fúnra àwọn." Ó ti pààrọ̀ èèkù náà. Àfọ́kù ìgò ló fi họ igi náà títí tó fi jọ̀lọ̀, ó sì gbẹ́ ojú kékeré kan sí i fún àtàǹpàkò. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún mú un, kò bá mi mu. Mo yí i sí òsì, ó wọlé wẹ́rẹ́. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń ro oko láti kékeré.