Kí A Máa Wọn Ilẹ̀ àti Omi Wa
Ọ̀rọ̀ ìyànjú tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ ìlọsíwájú ìlú

  

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà, iná mànàmáná àti ilé-ìwé ni a sábà máa ń gbọ́ nínú ìpàdé bí irú èyí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Lónìí, a fẹ́ kí ẹ bá wa wo ohun tí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa àti ohun tí ń rọ̀ sí wa lórí: ilẹ̀, omi abẹ́ ilẹ̀, àti òjò. Ohun tí a ní í sọ kò ju ẹyọ kan lọ: kí a máa wọ̀n wọ́n, kí a sì máa kọ ohun tí a bá wọ̀n sílẹ̀.

Ẹni tí ó bá mọ Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò nígbà àtijọ́ mọ̀ pé oko ni ó yí wọn ká. Nígbà tí ìjọba ka ènìyàn ní ọdún 2006, iye tí wọ́n kà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ju 1,200,000 lọ, kò sì sí èkejì rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó nínú ìkànìyàn náà. Láti ìgbà náà, ilé ti so mọ́ ilé. Omi ẹ̀rọ ìjọba kò dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa. Kànga àti bọ́ọ̀hóòlù ni a gbẹ́kẹ̀ lé: òun ni a ń mu, òun ni a fi ń se oúnjẹ, òun náà ni a fi ń wẹ ọmọ tuntun. Àwọn àgbà ní a kì í bá omi ṣọ̀tá. Ṣùgbọ́n bí omi fúnra rẹ̀ bá di ọ̀tá wa, tí a kò sì mọ̀, kí ni a ó ṣe?

Gbogbo wa ni a mọ ààtàn ńlá tí a ń pè ní Solous ní Ìgándò. Òórùn rẹ̀ àti èéfín rẹ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń ráhùn sí. Àwa ń sọ pé ohun tí a kò rí ni ó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù jù. Bí òjò bá rọ̀ sórí ààtàn, omi rẹ̀ a gba àárín oúnjẹ jíjẹrà, bátìrì, ike, irin àti oògùn àlòkù kọjá, a sì di omi dúdú tí ó kún fún iyọ̀ àti májèlé. A kò tẹ́ ohun tí omi kò lè gbà kọjá sí ìsàlẹ̀ ààtàn náà kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í da ìdọ̀tí síbẹ̀. Ilẹ̀ wa pẹ̀lú jẹ́ iyanrìn, tí amọ̀ wà láàárín rẹ̀ ní ìpele ìpele. Iyanrìn kì í sì í dá omi dúró. Ìjọba ti kéde èrò wọn láti ti ààtàn náà pa, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n títì kò lè pe omi tí ó ti wọlẹ̀ padà sókè. Ààtàn tí a ti tì lè máa sun omi ìdọ̀tí fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Kí a má sì tan ara wa jẹ. Omi tí ó mọ́ gaara lójú lè ní òjé nínú. Álọ́ọ̀mù a máa mú kí omi tòrò, sísè a sì máa pa kòkòrò inú rẹ̀, ṣùgbọ́n sísè kì í yọ òjé kúrò nínú omi.

Báwo wá ni a ṣe lè mọ ibi tí omi ààtàn dé láìjẹ́ pé a gbẹ́ gbogbo ilẹ̀? Ọ̀nà kan wà tí ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ará ilẹ̀ Faransé kan, Conrad Schlumberger, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ dán an wò ní nǹkan bí ọdún 1912. A ó ri èèkàn irin mẹ́rin mọ́lẹ̀ lórí ìlà kan. Ẹ̀rọ tí ń lo bátìrì yóò rán iná mànàmáná gba èèkàn méjì tí ó wà ní ìpẹ̀kun wọ inú ilẹ̀; èèkàn méjì ti àárín ni a ó fi mọ bí ilẹ̀ ti ń dí iná náà lọ́wọ́ tó. Bí a bá ti ń fa àwọn èèkàn jìnnà síra, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n náà ń wọlẹ̀ jìn sí i. Iyanrìn gbígbẹ a máa dí iná lọ́wọ́ púpọ̀. Iye rẹ̀ lè dé ọgọ́rọ̀ọ̀rún, kódà ó lè ju ẹgbẹ̀rún lọ. Ṣùgbọ́n omi ààtàn kún fún iyọ̀, omi oníyọ̀ sì jẹ́ ọ̀nà tí iná fẹ́ràn. Níbi tí omi náà bá ti rin iyanrìn, iye yẹn lè wálẹ̀ sí 10 tàbí 20. Àwọn olùwádìí láti ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti fi ọ̀nà yìí wo àyíká Solous ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọ́n sì rí ibi tí iná ń kọjá nínú ilẹ̀ láìsí ìdíwọ́ púpọ̀, èyí tí í ṣe àmì omi ìdọ̀tí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra níhìn-ín. Amọ̀ pàápàá a máa jẹ́ kí iná kọjá. Ẹni tí ó bá gba ẹ̀rí ẹ̀rọ nìkan gbọ́ lè pe amọ̀ ní májèlé. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí a bu omi kànga lọ sí yàrá àyẹ̀wò, kí a sì bi àwọn tí ń gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù léèrè ohun tí wọ́n bá pàdé bí wọ́n ti ń wọlẹ̀. Bí ẹ̀rí mẹ́ta bá ṣe déédéé, ọ̀rọ̀ di òótọ́.

Ọ̀rọ̀ òjò náà ńkọ́? Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2011, òjò tí ó ju 200 mílímítà lọ rọ̀ ní Èkó ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò ilé-ìwé wò ó. Òjò mílímítà 1 lórí ilẹ̀ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 1, tí òró rẹ̀ jẹ́ mítà 1, jẹ́ omi lítà 1. Pulọ́ọ̀tì kan tí ó jẹ́ mítà 18 sí 36 yóò gba lítà 129,600 nínú irú òjò bẹ́ẹ̀, èyí tí í ṣe dúróòmù 648 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba lítà 200. Bí a bá ti fi kọnkéré bo gbogbo ilẹ̀, níbo ni omi yìí yóò wọ̀? Bákan náà, òjò kan náà tí ilẹ̀ mu tán ní oṣù Kẹta lè di omíyalé ní oṣù Kẹfà, nítorí pé ilẹ̀ ti yó. Àgbẹ̀ a máa fi ọwọ́ bu erùpẹ̀, a fún un, a sì mọ bí ó ti tutù tó. Lóde òní, ẹ̀rọ kékeré wà tí a ń rì mọ́lẹ̀, tí yóò máa sọ bí omi inú ilẹ̀ ti pọ̀ tó ní ọ̀sán àti ní òru, tí ẹnikẹ́ni kò ní jókòó tì í.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé iṣẹ́ òyìnbó nìkan ni èyí. Ní oṣù Kẹfà àti oṣù Keje ọdún 2016, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ wa àti ti Yúróòpù jùmọ̀ wọn ojú ọjọ́, ìkùukùu àti afẹ́fẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tí í ṣe ìlú àwọn ìbátan wa ní ilẹ̀ Benin, àti ní Kumasi ní ilẹ̀ Gánà. Ètò mìíràn tún wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ TAHMO, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Nick van de Giesen ti ilẹ̀ Hólándì àti Ọ̀jọ̀gbọ́n John Selker ti Amẹ́ríkà dá sílẹ̀. Ète wọn ni láti gbé ẹ̀rọ ìwọn-ojú-ọjọ́ 20,000 kalẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ọgbà ilé-ìwé ni wọ́n gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn sí. Oòrùn ni ẹ̀rọ náà fi ń ṣe agbára, ó sì ń fi ìròyìn òjò, ooru àti afẹ́fẹ́ ránṣẹ́ bí ìgbà tí a bá ń fi fóònù ránṣẹ́. Àwọn ọmọ ilé-ìwé a sì máa fi ìròyìn náà kọ́ ìṣirò àti ẹ̀kọ́ ilẹ̀ ayé.

A mọ àtakò tí yóò dìde. Àwọn onílé yóò wí pé: “Bí ẹ bá wọn ilẹ̀ wa, tí ẹ sì kéde pé omi rẹ̀ kò dára, ta ni yóò tún rà á? Ta ni yóò gba yàrá lọ́wọ́ wa?” Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Iṣẹ́ ogójì ọdún ẹlòmíràn ni ó wà nínú ilé kan ṣoṣo yẹn. Ṣùgbọ́n a bi yín: ta ni ń mu omi inú ilé náà lójoojúmọ́? Kì í ṣe ẹni tí yóò rà á lọ́la. Àwọn ọmọ onílé ni, àti àwọn ayálégbé rẹ̀. Àìwọ̀n kò sọ omi di mímọ́. Ẹjọ́ tí kò ní ẹ̀rí ni ìjọba máa ń dá padà, ṣùgbọ́n ìlú tí ó gbé àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́ta dání lè béèrè omi ẹ̀rọ bí ẹ̀tọ́.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ ẹgbẹ́ wa fún.

Èkíní, kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní ohun-èlò ìwọn-òjò, kí àwọn ọmọ máa kà á ní agogo kan náà láràárọ̀, kí wọ́n sì máa kọ ọ́ sínú ìwé. Bí owó kò bá tí ì sí, agolo tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tọ́ gbọnrangandan àti rúlà tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Èkejì, kí a ní ìwé kànga. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan, kí onílé fi okùn tí a so nǹkan wúwo mọ́ wọn bí omi ti jìn tó. Bí a bá ní irú ìwọ̀n yìí láti kànga mẹ́ta tí kò sí lórí ìlà kan, tí a sì mọ bí ilẹ̀ wọn ti ga síra, àwọn onímọ̀ lè sọ ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ ń dorí kọ. Kí a sì máa ṣe àyẹ̀wò omi àwọn kànga tí ó wà nítòsí Solous ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní ìgbà òjò.

Ẹ̀kẹta, kí ìgbìmọ̀ ránṣẹ́ pe àwọn olùwádìí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, kí a ṣí ọgbà wa sílẹ̀ fún wọn láti ri èèkàn wọn mọ́lẹ̀, pẹ̀lú àdéhùn pé a ó ka àbájáde rẹ̀ ní èdè Yorùbá nínú ìpàdé gbogboogbò, kí a má ṣe tì í mọ́ inú àpótí.

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Amẹ́ríkà àti níbi gbogbo, ẹ ti ń fi owó ránṣẹ́ láti gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù fún àwọn òbí yín. Ẹ ṣeun, ẹ kò ní ṣe é tì. Ẹ fi owó àyẹ̀wò omi kún un, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi èsì rẹ̀ hàn yín.

Àwọn àgbà wa ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá kìlọ̀ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Kànga Ìgándò kì í ṣe ti Ìgándò nìkan. Ilẹ̀ kan náà ni gbogbo wa ń fà mu. Kí Ọlọ́run fún wa ní ọgbọ́n láti mọ ohun tí a ń mu, kí ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wa bá omi tí ó dára nílé.