Ta Ló Kọ́kọ́ Sọ Ọ́?

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá

 

Iṣẹ́ Alukoro ni pé kí ó gbé ọ̀rọ̀ dé etí gbogbo ẹgbẹ́. Bí wọ́n bá wá ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ìròyìn èké tó kún orí fóònù, ara wa ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ rántí ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan lọ́dún tó kọjá. Ọ̀rọ̀ kan jáde lórí WhatsApp ẹgbẹ́ láti orí nọ́ńbà ọ̀kan nínú wa. Ó ní ọkọ̀ gbá òun lọ́nà Ìbàdàn, òun wà ní ọsibítù, kí a ṣàánú òun. Àwòrán rẹ̀ ló wà níbẹ̀, orúkọ ìnagijẹ tí a máa ń pè é náà sì wà níbẹ̀. Àkáǹtì tó kọ kò jẹ́ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí a béèrè, ó ní ti nọ́ọ̀sì ni. Àwa mẹ́rin sanwó kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦180,000. Ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí wà nínú àwọn mẹ́rin náà, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ là ń sọ fún àwọn oníbàárà ní báńkì pé kí wọ́n wo orúkọ tó bá jáde dáadáa kí wọ́n tó fi owó ránṣẹ́.

Akọ̀wé wa ló ronú pe ìyàwó ọkùnrin náà. Ọkọ rẹ̀ wà níbi iṣẹ́, ara rẹ̀ le koko. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹnì kan pè é pé ìpàdé orí fóònù kan wà, pé kí ó ka nọ́ńbà mẹ́fà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Ó kà á. Nọ́ńbà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ WhatsApp rẹ̀.

Owó lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ló dùn wá jù. Oṣù kan lẹ́yìn náà, àìsàn gbé ọmọ ẹgbẹ́ wa míràn dé ọsibítù ní tòótọ́. Ìyàwó rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ sórí WhatsApp wa. Àwọn kan kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má sanwó, gbájúẹ̀ ni. Àwọn yòókù dákẹ́. Ọjọ́ méjì gbáko ni obìnrin náà fi dúró de ẹgbẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ti ń dáwó fún láti ọdún yìí wá. Góòlù rẹ̀ ló tà kí wọ́n tó rí ẹ̀jẹ̀ fà sí ọkọ rẹ̀ lára. A dúpẹ́ pé arákùnrin wa jókòó síbí lónìí. A ti tọrọ àforíjì nílé wọn, a tún ń tọrọ rẹ̀ níwájú gbogbo yín.

Ohun tí irọ́ ń ṣe fún wa nìyẹn. Lákọ̀ọ́kọ́, yóò mú kí a gba èké gbọ́. Bó bá yá, yóò mú kí a sọ òótọ́ di èké.

A kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹni tí a mọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ọwọ́ rẹ̀ wá, ibẹ̀ ló ti mú wa. Ẹlẹgbẹ́ ni wá, ìgbọ́kànlé la fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán àti orúkọ orí fóònù dà bí aṣọ tí a ń wọ̀ lọ sí Ojúde Ọba: ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ náà lè rà á wọ̀. Kódà bó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ wa gan-an ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, kò túmọ̀ sí pé òun ló mọ ìdí rẹ̀.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola wà ní Èkó, ìpè ń dún láàárín òru pé kí a fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí a sì mu ún. Ìyá ń pe ọmọ, àbúrò ń pe ẹ̀gbọ́n. Ìfẹ́ ni wọ́n fi pè. Nínú oṣù yẹn kan náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kéde pé ó kéré tán ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu.

Ní ọdún 2016, MMM ń ṣèlérí èrè 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù kan. Báńkì Àpapọ̀ àti àjọ SEC kìlọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ ẹni ti gbowó níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ kò purọ́, ó gbà á lóòótọ́. Ohun tí kò mọ̀ ni pé owó ẹni tó wọlé lẹ́yìn òun ni òun ń gbà. Ní oṣù Kejìlá, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn ènìyàn.

Nítorí náà, ìbéèrè wa láti òní lọ ni: ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́? Abèèrè kì í ṣìnà.

Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ owó, ẹ lọ sí ìkànnì Báńkì Àpapọ̀ tàbí ti SEC, kí ẹ wò ó bóyá orúkọ ilé-iṣẹ́ náà wà lára àwọn tí wọ́n fún ní ìwé àṣẹ. Ìwé CAC nìkan kò tó: ó fi hàn pé ilé-iṣẹ́ ní orúkọ ni, kò fún un láṣẹ láti máa gba owó ìfipamọ́ lọ́wọ́ aráàlú. Bí ẹ bá rí ọfà méjì lórí ọ̀rọ̀ WhatsApp, ó ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá. Ẹni tó fi ránṣẹ́ síi yín kọ́ ló kọ ọ́. Bó bá jẹ́ àwòrán, Google Lens lè fi ibi tó ti jáde tẹ́lẹ̀ hàn yín. Dubawa àti Africa Check náà wà, iṣẹ́ wọn ni láti yẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò. Ẹ má ka nọ́ńbà mẹ́fà WhatsApp fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe Alukoro. Lálẹ́ òní, ẹ wọ Settings, ẹ wọ Account, kí ẹ ṣí Two-step verification.

Ní ti ẹgbẹ́, ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò. Bí ọ̀rọ̀ àìsàn, ikú tàbí owó bá jáde, ọmọ ìgbìmọ̀ méjì yóò pe onítọ̀hún tàbí ará ilé rẹ̀ láàárín wákàtí kan, wọn yóò gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹni tó bá wà nítòsí yóò sì lọ fojú rí i. Lẹ́yìn náà ni Alukoro yóò kéde. Bẹ́ẹ̀ ni gbájúẹ̀ kò fi ní jẹ wá, bẹ́ẹ̀ sì ni aya ẹlẹgbẹ́ wa kankan kò fi ní dúró fún ọjọ́ méjì mọ́.

Bí ẹ bá rí i pé a gbé ọ̀rọ̀ tí kò ní orísun jáde, ẹ bi wá léèrè ní gbangba. A kò ní bínú. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa tú.