Kókó olómi lọ́rùn: Kí ló dé tí òmíràn fi ń padà wá lẹ́yìn tí wọ́n ti là á?

Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí kókó tó máa ń yọ síni lọ́rùn, pàápàá èyí tí omi tàbí nǹkan funfun bí ògì máa ń wà nínú rẹ̀.

Láti Kano dé Port Harcourt, àwọn kan máa ń fi í sílẹ̀ torí pé kò dùn wọ́n. Àwọn mìíràn á fi abẹ́rẹ́ gún un nílé, tàbí kí wọ́n ní kí oníkẹ́mísì bá wọn là á. Omi á jáde, ọrùn á tẹ́jú. Ṣùgbọ́n tó bá ṣe díẹ̀, kókó á tún yọjú.

Ìdí rẹ̀ ni pé kókó olómi ní àpò, àpò yìí ló sì ń ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí omi bá jáde tí àpò kò jáde, yóò tún kún ni.

Èyí tó wà nínú awọ

Òmíràn nínú irú kókó yìí máa ń ní ojú dúdú kékeré lórí. Dókítà á fún èèyàn ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kí ibẹ̀ dùn ún, á sì yọ àpò rẹ̀ lódindi. Lọ́jọ́ náà ni aláìsàn sábà máa ń lọ sílé. Tó bá ti gbọyún, wọ́n á kọ́kọ́ tọ́jú ọyún náà, wọ́n á wá yọ àpò rẹ̀ tó bá yá.

Ti ọmọdé, ní àárín ọrùn

Kókó tó wà lókè gògóńgò, tó ń sún sókè tí ọmọ bá yọ ahọ́n síta, sábà máa ń jẹ́ thyroglossal cyst. Láti inú oyún ló ti bẹ̀rẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ so mọ́ eegun kékeré kan lábẹ́ ahọ́n, tí wọ́n ń pè ní hyoid. Tí wọ́n bá yọ kókó nìkan, ó sábà máa ń padà wá.

Lọ́dún 1920, Walter Sistrunk, oníṣẹ́ abẹ ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé ó yẹ kí wọ́n yọ àárín eegun náà pẹ̀lú. Ọ̀nà yìí ni wọ́n ṣì ń lò dòní. Àyẹ̀wò skáànù ló yẹ kó ṣáájú, torí nígbà mìíràn, kókó yẹn gan-an ni thyroid kan ṣoṣo tí ọmọ náà ní.

Ti ìkókó

Kókó rírọ̀ tó tóbi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ìkókó lè gba iṣẹ́ abẹ, tàbí abẹ́rẹ́ oògùn bíi bleomycin tí yóò mú un súnkì. Tí kò bá jẹ́ kí ọmọ mí dáadáa, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo kókó ló nílò abẹ

Ikọ́ fée lè mú kí ọrùn wú, kódà bí èèyàn kò bá húkọ́. Oògùn oṣù 6 ni wọ́n sábà fi ń wò ó, ọ̀fẹ́ sì ni ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Nàìjíríà. Fún ẹni tó ti lé ní ọdún 40, kókó olómi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn lè jẹ́ jẹjẹrẹ tó tàn wá láti ọ̀fun. Nítorí náà, wọ́n máa ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fa díẹ̀ nínú rẹ̀ fún àyẹ̀wò kí wọ́n tó gbé abẹ.

Kókó tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ 3 kò yẹ ní ohun à ń dákẹ́ wò. Ẹ wá dókítà etí, imú àti ọ̀fun lọ, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè 3: Irú kókó wo ni? Ṣé ẹ máa yọ àpò rẹ̀ tán? Ṣé ẹ máa fi ohun tí ẹ bá yọ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò?