Kí Á Tó Tún Pààrọ̀ Iléeṣẹ́ Íntánẹ́ẹ̀tì: Bí A Ṣe Lè Mọ Ibi Tí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ilé Ti Ń Já

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó ń pọ̀ jù lórí gúrúùpù wa lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí: "Mo ti pààrọ̀ iléeṣẹ́, síbẹ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dúró."

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ọ̀pọ̀ wa ní Adéníji Adélé ló jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni oúnjẹ òòjọ́ ti ń wá. Ẹni tó ń ta aṣọ ní Balógun, orí fóònù ló ti ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí oníbàárà. Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ òkèèrè láti inú yàrá, bí ìpè bá já mọ́ ọn lẹ́nu lẹ́ẹ̀mẹta nínú ìpàdé kan, wọn á ní kò ṣeé gbára lé. Ìyá àgbà tó fẹ́ rí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní London, ojú ọmọ á kàn dúró gbagidi bíi fọ́tò. Owó sì ń lọ: owó ráútà, owó ìfàwáyà, owó oṣooṣù. Ẹlòmíì ti pààrọ̀ iléeṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, àìsàn kan náà ló ń bá a kiri. Ẹ jọ̀ọ́, fìlà kọ́ là ń pààrọ̀ bí orí bá ń fọ́ni. Ẹ jẹ́ kí á wá ibi tó ń dùn wá gan-an.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tó ń gbà wọlé. Èkó ti mọ wáyà abẹ́ òkun tipẹ́. Láti 1886 ni wáyà tẹligíráàfù ti so Èkó mọ́ London. Lónìí, wáyà fáíbà tó gba abẹ́ òkun wọ Èkó ti pọ̀: SAT-3, Glo-1, MainOne tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010, WACS, ACE, àti Equiano ti Google tó gúnlẹ̀ ní 2022. Ìyẹn ni ẹsẹ̀ kìíní ìrìn-àjò náà. Ẹsẹ̀ kejì ni láti etí òkun dé ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tí ẹ ń sanwó fún. Ẹsẹ̀ kẹta ni láti ọ̀dọ̀ wọn dé ilé yín, yálà fáíbà tí wọ́n fà láti orí òpó, tàbí afẹ́fẹ́ láti orí máàsìtì. Ẹsẹ̀ kẹrin ni láti ara ráútà tó wà ní pálọ̀ dé fóònù tó wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ wá gbọ́ kókó ọ̀rọ̀ o. Bí ẹ bá pààrọ̀ iléeṣẹ́, ẹsẹ̀ kejì àti ìkẹta nìkan lẹ pààrọ̀. Ẹsẹ̀ kìíní lè má yí padà rárá, torí iléeṣẹ́ méjì lè máa gba inú wáyà òkun kan náà. Ẹsẹ̀ kẹrin ńkọ́? Ilé yín ni, bó ṣe wà náà ló wà. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ló ti ń já, ẹ pààrọ̀ iléeṣẹ́ nígbà mẹ́wàá, ibì kan náà lẹ máa padà sí. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò láti inú ilé bọ́ síta.

Àkọ́kọ́, ẹ yẹ iná wò. Gbogbo wa la mọ̀ bí iná ṣe ń ṣe níbí. NẸ́PÀ á mú un lọ, ẹnìkan á tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n á mú un dé, wọ́n á tún yí i padà. Gbogbo ìgbà tí iná bá yí, ráútà á kú, á tún jí. Ó lè gbà á ní ìṣẹ́jú méjì sí márùn-ún kó tó tún dá ara rẹ̀ mọ̀. Bí iná bá yí lẹ́ẹ̀mẹfà lóòjọ́, ẹ ó rò pé iléeṣẹ́ ló ń já yín kulẹ̀, iná ni. Ẹ ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́ta: ṣé ìgbà tí iná bá yí ló ń já? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, UPS kékeré tí wọ́n ṣe fún ráútà yóò tán ìyọnu náà, kò sì wọ́n tó owó ìfàwáyà tuntun. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó rà á, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara adapter ráútà yín. Òmíràn 12V ni, òmíràn 9V. Bí wọn ò bá bára mu, ráútà lè jóná.

Ìkejì, ẹ ya Wi-Fi sọ́tọ̀ kúrò lára íntánẹ́ẹ̀tì. Wọn kì í ṣe nǹkan kan náà. Wi-Fi ni ẹsẹ̀ kẹrin nìkan. Ẹ wá kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, kí ẹ fi wáyà LAN so ó mọ́ ráútà. Bí ẹ ò bá ní wáyà, ẹ jókòó ti ráútà pẹ́kípẹ́kí. Ẹ ṣí Command Prompt méjì. Nínú èkíní, ẹ tẹ ping -t kí ẹ sì fi nọ́ńbà ráútà yín tẹ̀lé e. Ẹ ó rí nọ́ńbà náà lẹ́yìn ráútà, ó sábà máa ń jẹ́ 192.168.1.1 tàbí 192.168.0.1. Nínú èkejì, ẹ tẹ ping -t 8.8.8.8. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì máa lọ fún wákàtí kan. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà lè rí ááàpù tó ń ṣe ping lórí fóònù.

Bí ẹ ó ṣe ka èsì rẹ̀ nìyí. Bí ti ráútà fúnra rẹ̀ bá ń já, inú ilé yín ni wàhálà wà, ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni. Bí ti ráútà bá ń lọ geere, ṣùgbọ́n tí 8.8.8.8 ń já, ìta ni, iléeṣẹ́ ló ni ẹjọ́. Bí méjèèjì bá ń lọ dáadáa, ṣùgbọ́n tí ojú ìwé kì í ṣí, DNS ló ṣeé ṣe kó fà á. DNS ló ń túmọ̀ orúkọ ojú ìwé sí nọ́ńbà. Ó wọ́pọ̀ lẹ́yìn tí èèyàn bá pààrọ̀ iléeṣẹ́, torí nọ́ńbà DNS iléeṣẹ́ àtijọ́ lè ṣì wà nínú ráútà tàbí kọ̀ǹpútà. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi 1.1.1.1 tàbí 8.8.8.8 sí i.

Ìkẹta, bó bá jẹ́ Wi-Fi. Ẹ wo bí ilé wa ṣe fara kan ara ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Láti Ìdúmàgbò dé Òkè-Pópó, bí ẹ bá ṣí fóònù, ẹ ó rí orúkọ Wi-Fi ogún. Gbogbo wọn ló ń pariwo lórí ìgbì kan náà, bíi ọjà Òkè-Arìn ní ọ̀sẹ̀ ọdún. Lórí 2.4 GHz, ojú ọ̀nà mẹ́ta péré ni kì í gun ara wọn: 1, 6 àti 11. Ẹ wọ inú ráútà, kí ẹ yan èyí tí àwọn aládùúgbò ò lò púpọ̀. 5 GHz yá ju ìyẹn lọ, ariwo rẹ̀ sì kéré, ṣùgbọ́n kò lè gba inú ògiri nípọn kọjá dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé àtijọ́ tí ògiri rẹ̀ nípọn, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Ẹ má gbé ráútà pamọ́ sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n tàbí sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ gbé e sókè, sí àárín ilé.

Ìkẹrin, ẹ wá ẹrù àlejò àtijọ́. Èyí ni mo rí jù lọ́dọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ iléeṣẹ́. Wọ́n fi ti tuntun sí i, wọn ò yọ ti àtijọ́ kúrò. Ráútà méjì wá ń pín nọ́ńbà nínú ilé kan, fóònù ò mọ èyí tí yóò gbọ́ tirẹ̀. Ọkọ̀ kan kì í ní awakọ̀ méjì. Bí ẹ bá fẹ́ lo ti àtijọ́ láti gbé Wi-Fi dé yàrá ẹ̀yìn, ẹ sọ ọ́ di access point, kí ẹ pa DHCP rẹ̀, kí ẹ sì fún un ní nọ́ńbà tó yàtọ̀ sí ti ráútà tuntun. Bákan náà, àwọn iléeṣẹ́ kan ní orúkọ àti password tí ráútà gbọ́dọ̀ fi wọlé sọ́dọ̀ wọn. Bí ti iléeṣẹ́ àtijọ́ bá ṣì wà níbẹ̀, kò ní wọlé. Ẹ ní kí iléeṣẹ́ tuntun fi tiwọn ránṣẹ́, kí ẹ kọ ọ́ pamọ́.

Ìkarùn-ún, bó bá jẹ́ ìta. Bí fáíbà lẹ̀ ń lò, ẹ wo iná ara àpótí kékeré tí wáyà tín-ínrín wọ̀. Bí iná LOS bá pupa, ìtànṣán kò dé ọ̀dọ̀ yín. Wáyà ti já, tàbí ó ti ká kọ́rọ́kọ́rọ́ níbì kan. Dígí ló wà nínú fáíbà, kì í ṣe kọ́pà. Bí ẹ bá ká a mọ́ ìṣó, tàbí tí ilẹ̀kùn há a, ìtànṣán ò ní kọjá dáadáa mọ́. Ẹ bi oníṣẹ́ iléeṣẹ́ pé, "Mélòó ni agbára ìtànṣán ilé mi?" Ó sábà yẹ kó wà láàárín -8 sí -27 dBm. Bó bá ti dé -29, ẹ má gbà kó sọ fún yín pé kò sí nǹkan. Bó bá jẹ́ ráútà onísíìmù ni, ẹ gbé e sún mọ́ fèrèsé, kí ẹ wo RSRP nínú rẹ̀. -80 dára, -110 kò dára. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè pátápátá nínú àwọn bùlọ́ọ̀kù ẹ̀sìtéètì, ẹ̀rọ yín lè máa rí máàsìtì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó máa fò láti orí ọ̀kan dé èkejì. Ẹ gbìyànjú fèrèsé mìíràn.

Ẹ tún wo àkókò. Bó bá ń yá ní aago mẹ́fà àárọ̀, tó ń wọ́ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, èrò ló pọ̀ jù lórí ọ̀nà iléeṣẹ́ yẹn. Bíi Third Mainland Bridge ni: afárá ò bàjẹ́, ọkọ̀ ló kún un. Ìyẹn kò sí ní ọwọ́ yín, ẹ̀rí nìkan lẹ lè kó jọ. Ẹ má sì da Mbps pọ̀ mọ́ MB. 20 Mbps kò ju MB 2.5 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìpè fídíò ò nílò ju nǹkan bíi 4 Mbps lọ. Ohun tó nílò ni kó má já.

Ìgbà mìíràn wà tí kì í ṣe ẹjọ́ ẹnikẹ́ni ládùúgbò. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Báǹkì wa níbí ṣe ségesège lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá pààrọ̀ iléeṣẹ́ nítorí ọ̀sẹ̀ yẹn, owó ló sọ nù. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ béèrè lórí gúrúùpù: "Ta ló tún ń ṣe é?" Bó bá jẹ́ gbogbo iléeṣẹ́, ẹ ní sùúrù.

Bí ẹ bá ti rí i pé iléeṣẹ́ ló jẹ̀bi, ẹ má kàn pè kí ẹ máa pariwo. Ẹ gba ìwé kan: ọjọ́, aago, ìgbà tó já, ìgbà tó padà, àwòrán iná ara àpótí, àti èsì ping. Ẹ pe iléeṣẹ́, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọn ò bá tún un ṣe, ẹ pe 622, nọ́ńbà NCC ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Ohun tí wọn ó kọ́kọ́ béèrè ni nọ́ńbà ẹ̀sùn yẹn. Ní 2025, NCC tún pàṣẹ pé bí iṣẹ́ bá dákú lọ́nà ńlá ju wákàtí 24 lọ, iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ san nǹkan padà fún oníbàárà, bíi kí wọ́n fi ọjọ́ kún un. Ẹ̀tọ́ yín ni, ẹ béèrè rẹ̀.

Ó ku ohun mẹ́ta tó kan gbogbo wa. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ iléeṣẹ́, ẹ má tíì ja ti àtijọ́ kí tuntun tó lo ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì bi wọ́n kí ẹ tó sanwó bóyá owó ìfàwáyà ṣeé gbà padà. Bí ẹnikẹ́ni bá ń gbẹ́ gọ́tà tàbí gbẹ́ ilẹ̀ ládùúgbò, ẹ bi í bóyá ó mọ ibi tí fáíbà gbà. Láti 2024, ìjọba àpapọ̀ ti ka àwọn ohun èlò ìbánisọ̀rọ̀ mọ́ dúkìá pàtàkì orílẹ̀-èdè, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni láti mọ̀-ọ́n-mọ̀ bà wọ́n jẹ́. Ìkẹta, bí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn pé òun wá tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe, tí ẹ ò sì pe ẹnikẹ́ni, ẹ pe iléeṣẹ́ kí ẹ tó ṣí i. Kò sí oníṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kankan tó nílò PIN káàdì báǹkì yín.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹgbẹ́ nìyí: kí olúkúlùkù tó bá ṣe àyẹ̀wò yìí fi orúkọ àdúgbò rẹ̀, irú ẹ̀rọ tó ń lò, àti aago tó ń já ránṣẹ́ sórí gúrúùpù. Bí ilé ogún láti Ẹnu-Ọ̀wá dé Adéníji Adélé bá kọ ohun kan náà lálẹ́ kan náà, iléeṣẹ́ ò ní lè sọ pé ráútà yín ló bàjẹ́. Ohùn ẹnìkan lè sọ nù sórí fóònù wọn, ìwé ogún ilé kò lè sọ nù.

Èkó ò ní bàjẹ́ o.